Ìwádìí ìdílé lórí àwọn tó yè nínú ọkọ̀ ogun USS Indianapolis

Ìwádìí ìdílé lórí àwọn tó yè nínú ọkọ̀ ogun USS Indianapolis ni iṣẹ́ tí àwọn ẹbí, àwọn olùlàájá fúnra wọn, akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn onímọ̀ ìtàn ti ń ṣe láti ọdún 1945 kí a lè mọ àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà nígbà tó rì, ẹni tó kú nínú wọn, ẹni tó yè, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ abẹ́ omi ilẹ̀ Japan kan ló fi tọpídò mú un rì ní Òkun Filipínì ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1945, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó parí. Nínú ènìyàn 1,195 tó wà nínú rẹ̀, 879 kú, 316 sì yè. Iye yìí kò fìdí múlẹ̀ títí di oṣù Kẹta ọdún 2018, nígbà tí ó ti lé ní ọdún 72 tí ọkọ̀ náà ti rì.

Ìwádìí yìí yọrí sí ohun mẹ́ta pàtàkì: ó tún iye àwọn olùlàájá ṣe, ó ran àwọn tó wá ọkọ̀ náà lọ́wọ́ láti rí i ní ìsàlẹ̀ òkun, ó sì wà lára ohun tó mú kí ìjọba Amẹ́ríkà wẹ ọ̀gákọ̀ náà mọ́ kúrò nínú ẹ̀bi tí ilé ẹjọ́ ológun dá a.

## Ìrì ọkọ̀ náà

Ìlú Camden ní ìpínlẹ̀ New Jersey ni wọ́n ti kan USS Indianapolis. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 1932. Nígbà ogun, inú rẹ̀ ni Ọ̀gágun Raymond Spruance máa ń wà láti darí ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Òkun Pàsífíìkì. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1945, awakọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Japan kan mọ̀ọ́mọ̀ já bàálù rẹ̀ lu ọkọ̀ náà nítòsí erékùṣù Okinawa, atukọ̀ 9 sì kú. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà padà sí California fún àtúnṣe. Nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe, ọ̀pọ̀ atukọ̀ tuntun wọ inú rẹ̀, àwọn mìíràn sì gba ìwé ìyípadà lọ sí ibòmíràn. Àsìkò wíwọlé àti jíjáde yìí wà lára ohun tó mú kí iye àwọn atukọ̀ dojúrú lẹ́yìn náà.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje, ọkọ̀ náà ṣí kúrò ní San Francisco pẹ̀lú ẹrù àṣírí: àwọn ẹ̀yà bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n jù sí ìlú Hiroshima ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, pẹ̀lú yuréníọ̀mù rẹ̀. Ó gbé ẹrù náà dé erékùṣù Tinian ní ọjọ́ 26. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Guam, ó sì kúrò ní Guam ní ọjọ́ 28 láti lọ sí Leyte ní orílẹ̀-èdè Filipínì. Ọ̀gákọ̀ náà, Charles B. McVay Kẹta, béèrè fún ọkọ̀ tí yóò sìn ín lọ, ṣùgbọ́n wọn kò fún un.

Ní kété tí ilẹ̀ ọjọ́ 30 bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn agogo 12 òru, tọpídò méjì láti inú ọkọ̀ abẹ́ omi I-58, èyí tí Mochitsura Hashimoto jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, bá a. Ọkọ̀ náà rì láàárín ìṣẹ́jú 12. Nǹkan bí 300 ènìyàn bá a lọ sí ìsàlẹ̀. Àwọn tó kù, tí wọ́n tó nǹkan bí 900, bọ́ sínú omi, ọ̀pọ̀ wọn láìní ju aṣọ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Wọ́n wà níbẹ̀ láìsí omi mímu, láìsí oúnjẹ, nínú oòrùn àti epo ọkọ̀. Ọgbẹ́, òùngbẹ, omi iyọ̀ tí àwọn kan mu àti ẹja ekurá tí a mọ̀ sí ṣáàkì pa púpọ̀ nínú wọn.

Kò sí ẹni tó wá wọn. Nígbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté kì í fi ìròyìn ránṣẹ́ bí ọkọ̀ ogun bá gúnlẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Indianapolis kò dé Leyte ní ọjọ́ 31, kò sí ẹni tó fi ariwo bọnu. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ni Wilbur Gwinn, awakọ̀ òfuurufú tó ń ṣọ́ òkun, rí epo lójú omi, tó sì tún rí orí ènìyàn nínú epo náà. Adrian Marks gúnlẹ̀ sórí òkun pẹ̀lú bàálù tirẹ̀, ó sì kó ènìyàn 56 jọ. Lóru ọjọ́ náà ni ọkọ̀ USS Cecil J. Doyle dé, tó tan iná ńlá sójú ọ̀run kí àwọn tó wà nínú omi lè mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ ti dé.

## Ìròyìn tó dé ilé

Ọkọ̀ tó kó àwọn olùlàájá kò jẹ́ ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ibì kan náà ni wọ́n kó wọn lọ. USS Bassett nìkan kó 152, ó sì gbé wọn lọ sí erékùṣù Samar. Wọ́n kó àwọn mìíràn lọ sí Peleliu. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kó wọn jọ sí ilé ìwòsàn ní Guam. Àwọn ìwé tó wà nínú ọ́fíìsì ọkọ̀ náà ti bá a rì. Nítorí náà, láti inú àwọn ìwé tó wà ní ilẹ̀ àti láti ẹnu àwọn tó yè ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ní láti to orúkọ àwọn atukọ̀ jọ.

Ilé-iṣẹ́ Ọmọ Ogun Ojú Omi kò kéde ìrì ọkọ̀ náà fún gbogbo ayé títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ kan náà tí Ààrẹ Harry Truman kéde pé Japan ti túúbá. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń jó ní ìgboro, tẹlígíráàmù ń wọ ilé àwọn ẹbí. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ju pé a ń wá ọmọ wọn tàbí ọkọ wọn, a kò tíì rí i. Kò sọ ibi tí ó kú sí, kò sọ bí ó ṣe kú, kò sì sọ bóyá ọkọ̀ ló bá rì tàbí òkun ló gbé e lọ ní ọjọ́ kẹta.

Àìmọ̀ yìí ni ìbẹ̀rẹ̀ ìwádìí àwọn ìdílé. Àwọn òbí àti àwọn opó kọ lẹ́tà sí àwọn olùlàájá tí wọ́n rí orúkọ wọn nínú ìwé ìròyìn, wọ́n ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni rí ènìyàn wọn nínú omi. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ àti èsì tí wọ́n gbà wà lára ohun tí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ṣì ń rí nínú àpótí ilé lónìí. Nígbà mìíràn, òun nìkan ni ẹ̀rí tó wà nípa bí atukọ̀ kan ṣe kú.

## Ẹjọ́ ọ̀gákọ̀ McVay

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1945, ilé ẹjọ́ ológun ní Washington gbọ́ ẹ̀sùn méjì tí wọ́n fi kan McVay. Wọ́n dá a láre lórí ẹ̀sùn pé kò tètè pàṣẹ kí àwọn atukọ̀ fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n dá a lẹ́bi pé ó fi ọkọ̀ sínú ewu nítorí pé kò máa yí orí ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì léraléra láti ṣi àwọn ọ̀tá lọ́nà. Wọ́n pe Hashimoto fúnra rẹ̀ láti Japan wá jẹ́rìí. Ó sọ pé bí McVay ìbá tilẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, òun ìbá ṣì lè ta ọkọ̀ náà ní tọpídò.

Wọ́n fa ìjìyà náà sẹ́yìn ní ọdún 1946, ṣùgbọ́n ìdálẹ́bi dúró nínú ìwé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ẹbí kan tí ọmọ wọn kú ń kọ lẹ́tà ìkórìíra sí McVay. Ó pa ara rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 1968. Àwọn ọmọ rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùlàájá kò gbà pé ẹ̀bi náà tọ́ sí i. Nítorí èyí, ìbéèrè nípa ẹni tó yè àti ohun tí ó rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdílé nìkan mọ́. Ẹ̀rí ni ó jẹ́ nínú ọ̀ràn tí ìjọba ti pa dé.

## Àwọn olùlàájá kó ara wọn jọ

Lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ olùlàájá padà sí abúlé àti ìlú wọn, wọn kò sì sọ ohun tí ojú wọn rí fún aya tàbí ọmọ. Ní ọdún 1960 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìpàdé ńlá, ní ìlú Indianapolis tí ọkọ̀ náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. McVay wá sí ìpàdé náà, àwọn atukọ̀ rẹ̀ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ àwọn olùlàájá ti ń tọ́jú àkójọ orúkọ àti àdírẹ́sì: ẹni tó ṣì wà láàyè, ìlú tó ń gbé, ẹni tó ti kú àti ọjọ́ tó kú.

Àkójọ yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ìjọba máa ń tọ́jú orúkọ òkú ogun ju ti alààyè lọ. Àwọn tí omi gbé lọ ní orúkọ lára ògiri ìrántí ní ibi ìsìnkú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Manila. Ẹni tó yè kò ní ògiri kankan. Bí ó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ogun, tó kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ó ti wọ inú àwùjọ, ó sì di dandan kí ẹni tó ń wá a wá a bí a ṣe ń wá ará ìlú yòókù. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1995, wọ́n ṣí òkúta ìrántí kan ní etí omi ní ìlú Indianapolis, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn atukọ̀ sí i, ti àwọn tó kú àti ti àwọn tó yè.

## Ìwádìí Hunter Scott

Ní ọdún 1996, Hunter Scott, ọmọkùnrin ọdún 11 kan ní ìlú Pensacola ní ìpínlẹ̀ Florida, wo fíìmù Jaws, níbi tí ẹnì kan ti sọ ìtàn Indianapolis. Ó pinnu láti fi ìtàn náà ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé fún ìdíje ìtàn. Ìwé tó rí kà kò tó nǹkan, nítorí náà ó gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá olùlàájá. Ó rí ọ̀kan tó ń gbé ní Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama, ẹni yìí sì fún un ní àkójọ orúkọ àwọn yòókù.

Ọ̀nà tí ọmọ yìí gbà kò díjú. Ó kọ ìwé ìbéèrè kan náà sí àwọn olùlàájá tó ṣì wà láàyè nígbà náà, tí wọ́n tó nǹkan bí 150, ó ń béèrè ohun tí wọ́n rí àti èrò wọn nípa ẹjọ́ ọ̀gákọ̀ wọn. Bí ìdáhùn ṣe ń wọlé ni ó ń tẹ́ wọn síra. Ó tún ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé ìjọba, títí kan àwọn tó jẹ́ àṣírí tẹ́lẹ̀, èyí tó fi hàn pé àwọn ọ̀gá mọ̀ pé ọkọ̀ abẹ́ omi ọ̀tá ń rìn ní ọ̀nà náà, wọn kò sì sọ fún McVay.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999, Scott àti àwọn olùlàájá jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin Àgbà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, Hashimoto kọ lẹ́tà sí Sẹ́nétọ̀ John Warner, ó rọ ìjọba Amẹ́ríkà láti dá orúkọ rere McVay padà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2000, àwọn aṣòfin pinnu pé ó yẹ kí àkọsílẹ̀ fi hàn pé McVay kò jẹ̀bi ìrì ọkọ̀ rẹ̀, Ààrẹ Bill Clinton sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 30 oṣù náà. Hashimoto ti kú ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú. Ní oṣù Keje ọdún 2001, ìpinnu náà wọ inú ìwé iṣẹ́ McVay. Scott fúnra rẹ̀ di awakọ̀ òfuurufú fún àwọn ọmọ ogun ojú omi nígbà tó dàgbà.

## Iye àwọn olùlàájá: 316 tàbí 317

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé kò fẹnu kò lórí iye. Àwọn kan sọ pé 316 ló yè, àwọn mìíràn sọ pé 317. Ìwé tí àwọn olùlàájá fúnra wọn kó ìrántí wọn jọ sí, tó jáde ní ọdún 2002, fi 317 ṣe àkọlé rẹ̀. Wọ́n sì máa ń sọ pé àwọn atukọ̀ jẹ́ 1,196.

Onímọ̀ ìtàn Richard Hulver, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ilé-iṣẹ́ Ìtàn àti Ohun Ìní Ọmọ Ogun Ojú Omi, àti Sara Vladic, òǹkọ̀wé àti olùṣe fíìmù tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fọ̀rọ̀ wá àwọn olùlàájá lẹ́nu wò, ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n fi àkójọ orúkọ wé ara wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí i pé orúkọ kan wà tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Onímọ̀ rédíò kan ni. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn atukọ̀ ní oṣù Keje ọdún 1945, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ tuntun dé, pé kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olóyè. Ó jáde nínú ọkọ̀ kó tó ṣí kúrò ní California. Nígbà tí ọkọ̀ rì, orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé. Kò kú, nítorí náà wọn kò lè kà á mọ́ àwọn òkú. Ṣùgbọ́n kò wà nínú omi pẹ̀lú àwọn yòókù, nítorí náà kì í ṣe olùlàájá.

Nígbà tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀, ìṣirò náà tò: 1,195 nínú ọkọ̀, 879 òkú, 316 olùlàájá. Wọ́n kéde àtúnṣe náà ní oṣù Kẹta ọdún 2018. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe ìwádìí ìdílé ni pé orúkọ ènìyàn nínú ìwé ọkọ̀ kò fi hàn pé ẹni náà wà nínú ọkọ̀ ní ọjọ́ tí ó rì.

## Ìtàn bàbá kan àti ibi tí ọkọ̀ náà wà

Nígbà tí àwọn tó ń wá òkú ọkọ̀ náà lo ìṣirò tó wà nílẹ̀ láti ọdún 1945, wọn kò rí i. Hulver tún rí ẹ̀rí mìíràn láti inú ìtàn ìdílé. Ọmọ atukọ̀ kan ti kọ ìrántí bàbá rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì: ọkọ̀ tí bàbá náà wà nínú rẹ̀ pàdé Indianapolis lójú òkun ní nǹkan bí wákàtí 11 kó tó rì. Hulver wá ìwé iṣẹ́ bàbá náà, ó rí i pé ọkọ̀ LST-779 ló wà, ó sì yẹ ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ọkọ̀ náà wò. Ohun tí bàbá sọ fún ọmọ rẹ̀ bá ìwé mu, ó sì bá ọ̀rọ̀ McVay náà mu, ẹni tó ti sọ pé òun pàdé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí yìí fi hàn pé Indianapolis ti rìn síwájú sí ìwọ̀-oòrùn ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, àwọn òṣìṣẹ́ Paul Allen, ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ Microsoft, fi ọkọ̀ ìwádìí Petrel rí i ní ìsàlẹ̀ Òkun Filipínì, ní jíjìn tó tó mítà 5,500. Ibojì ogun ni òfin kà á sí, wọn kò sì kéde ibi tó wà gan-an.

## Àwọn tí wọ́n sin sínú òkun

Àwọn ọkọ̀ tó wá gba ènìyàn là tún kó òkú jọ. Wọ́n wo nọ́ńbà ọrùn, ìka ọwọ́ tàbí orúkọ ara aṣọ, wọ́n sì sin òkú sínú òkun pẹ̀lú àdúrà. Àkọsílẹ̀ àwọn ìsìnkú wọ̀nyí wà nínú ìwé àwọn ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò dé inú fáìlì gbogbo àwọn tó kú. Nítorí èyí, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwé fi pe àwọn kan ní ẹni tí a kò rí, nígbà tí àwọn kan ti rí òkú wọn, tí wọ́n ti mọ orúkọ wọn, tí wọ́n sì ti sin wọ́n.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Ilé-iṣẹ́ Ọmọ Ogun Ojú Omi kéde pé òun ti yí ipò atukọ̀ 13 padà, láti ẹni tí a kò rí sí ẹni tí a sin sínú òkun. Fífi ìwé àwọn ọkọ̀ agbanilà wé fáìlì àwọn tó kú ló mú èyí wá. Fún ẹbí, ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán: ẹnì kan wà pẹ̀lú ènìyàn wọn níkẹyìn, ó sì ṣe ẹ̀tọ́ ìkẹyìn fún un.

## Àwọn ìwé tí ìdílé ń yẹ̀ wò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá tàbí bàbá-bàbá òun wà nínú ọkọ̀ ogun kan nígbà tó rì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ilé: lẹ́tà, tẹlígíráàmù, àwòrán, ìwé ìkúrò-lẹ́nu-iṣẹ́ àti àmì ẹ̀yẹ. Nọ́ńbà iṣẹ́ ogun tó wà lára wọn ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pé ènìyàn méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n wọn kì í ní nọ́ńbà kan náà.

Lẹ́yìn ilé, àwọn ìwé ìjọba tó wúlò ni wọ̀nyí:

* Ìwé orúkọ àwọn atukọ̀. Ó ń sọ àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ní àkókò kan, ó sì ní ìwé àyípadà tó ń fi ọjọ́ tí ènìyàn wọlé tàbí jáde hàn. Ti àwọn ọdún ogun wà ní ìpamọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti ya àwòrán rẹ̀ fún kíkà.
* Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ọkọ̀. Bí ti ọkọ̀ tó rì bá sọnù, ti àwọn ọkọ̀ tó gba ènìyàn là tàbí tó pàdé rẹ̀ lójú òkun lè kún àlàfo náà.
* Fáìlì iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, tó wà ní ìlú St. Louis ní ìpínlẹ̀ Missouri. Iná tó jó ibẹ̀ ní ọdún 1973 ba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù fáìlì àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ àti ti òfuurufú jẹ́, ṣùgbọ́n kò ba ti àwọn ọmọ ogun ojú omi jẹ́. Bí ọdún 62 bá ti kọjá lẹ́yìn tí ẹni náà fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè béèrè fún fáìlì rẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, ẹni náà tàbí ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù ló ní ẹ̀tọ́ sí gbogbo rẹ̀.
* Àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ológun àti ti ìgbìmọ̀ ìwádìí, níbi tí ọ̀rọ̀ àwọn olùlàájá wà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà.
* Ìwé ìròyìn ìlú kékeré, tó máa ń tẹ orúkọ ọmọ ìlú tó yè tàbí tó kú, pẹ̀lú orúkọ àwọn òbí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ọmọ-ọmọ gbọ́ pé bàbá-bàbá òun ṣiṣẹ́ nínú Indianapolis, kó sì gbà pé olùlàájá ni. Ọdún méjìlá àti ààbọ̀ ni ọkọ̀ náà fi ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló sì wọ inú rẹ̀ tí wọ́n ti jáde kí ọdún 1945 tó dé. Ìrántí àwọn ènìyàn náà lè yẹ̀. Nínú fíìmù Jaws, ọjọ́ tí wọ́n pè fún ìrì ọkọ̀ náà jẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, tó fi oṣù kan yàtọ̀ sí òtítọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti tún un sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé náà lè yẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ onímọ̀ rédíò náà ṣe fi hàn. Nítorí náà ni àwọn olùwádìí ṣe máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwé wé ara wọn kí wọ́n tó gba ọ̀kan gbọ́.

## Àwọn ọkọ̀ mìíràn

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni irú ìwádìí yìí rọrùn fún. HMS Hood ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rì ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1941 nígbà tó ń bá ọkọ̀ Bismarck ti Jámánì jà. Nínú ènìyàn 1,418, mẹ́ta péré ló yè: Ted Briggs, Bob Tilburn àti Bill Dundas. Kò sí iyèméjì lórí àwọn olùlàájá níbẹ̀. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ìrántí rẹ̀ ni láti wá àwòrán àti ìtàn ìgbésí ayé àwọn tó kú.

HMAS Sydney ti Australia rì ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 1941 pẹ̀lú gbogbo ènìyàn 645 tó wà nínú rẹ̀. Òkú atukọ̀ kan ṣoṣo ni omi gbé dé Erékùṣù Christmas ní ọdún 1942, wọ́n sì sin ín láìmọ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2021, ìwádìí ẹ̀jẹ̀ ìdílé tí wọ́n fi DNA ṣe mú kí wọ́n mọ ẹni tó jẹ́, ìjọba Australia sì kéde orúkọ rẹ̀.

## Ipò lónìí

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, òfin fún gbogbo atukọ̀ Indianapolis ní àmì ẹ̀yẹ wúrà ti Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n ṣe ayẹyẹ rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2020, ọdún 75 gééré lẹ́yìn ìrì ọkọ̀ náà, olùlàájá mẹ́jọ ló ṣẹ́kù. Iṣẹ́ náà ti kúrò lọ́wọ́ àwọn tó là á já, ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn, pẹ̀lú ti àwọn tó kú. Ẹbí àwọn agbanilà náà máa ń wá sí ìpàdé ọdọọdún, nítorí pé ìwé àti ìrántí tiwọn ni ó sábà máa ń sọ ibi tí wọ́n ti rí ènìyàn kan, wákàtí tí wọ́n rí i, àti bóyá ó ṣì wà láàyè nígbà tí ọwọ́ wọn bà á.